Ọwọ́ Ìyá Ń Gbọ̀n: Ẹ Wo Inú Àpò Oògùn Kí Ẹ Tó Pe Aráalé Yín Lájẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti ọkọ tó lé ìyàwó jáde lóru. Ọ̀rọ̀ oògùn ni, oògùn tí a ń fi owó ara wa rà, tí a ń fi omi tútù gbé mì.

Lẹ́tà kan ló dá a sílẹ̀. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ló ni ín, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bá a kọ ọ́. Ó ní ìyá òun, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, inú rẹ̀ máa ń kún, èébì sì máa ń gbé e. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wá fún un ní hóró oògùn funfun kékeré kan. Oògùn náà bá a lára mu, ni màmá bá ń lò ó láàárọ̀ lálẹ́ láti èṣí. Ní báyìí, ọwọ́ màmá méjèèjì ń gbọ̀n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ. Ojú rẹ̀ gan, èèyàn ò mọ ìgbà tí inú rẹ̀ dùn mọ́, èèyàn ò mọ ìgbà tó bà jẹ́.

Ẹbí ti ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì ti rí ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù. Orogún màmá ni, ìyá arúgbó bíi tiẹ̀, tí àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé inú ilé kan náà láti bí ogójì ọdún. Wọ́n ní òun ló ń fi ọwọ́ ayé bá a jà. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún ìyá yẹn pé kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé. Elélùbọ́ wa wá ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni?"

Màmá, ọmọ yín lóòótọ́ ni mí. Iléèwé girama ni mo kà mọ, mi ò kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ oníròyìn ni pé kí á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, kí á ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, kí á wá tú u palẹ̀ fún aráyé. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí ẹbí yín gbọ́ ọ kíákíá, kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìyá arúgbó yẹn tó pé.

Ẹ jẹ́ n fi kànga ṣàlàyé, gbogbo wa la mọ kànga. Nínú ọpọlọ èèyàn, nísàlẹ̀ pátápátá, ibì kan wà tó kéré, tó sì dúdú. Ibẹ̀ ni nǹkan kan tí àwọn dókítà ń pè ní dópámìnì ti ń sun. Dópámìnì yìí ló ń jẹ́ kí ọwọ́ lọ tí a bá ní kó lọ, kó sì dúró tí a bá ní kó dúró. Òun ló ń jẹ́ kí télọ̀ lè fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́, kí onídìrí lè pín irun mẹ́ta ká. Ẹ sọ pé ibi dúdú yẹn ni kànga, dópámìnì ni omi inú rẹ̀, páìpù wá ń gbé omi náà lọ sí ẹnu ẹ̀rọ níbi tí ọpọlọ ti ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Bí omi ò bá yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, ohun méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé kànga ló ń gbẹ. Ó sì lè jẹ́ pé kànga kún dẹ́múdẹ́mú, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti fi àkísà di ẹnu ẹ̀rọ. Ẹni tó gbé korobá dúró kò lè mọ ìyàtọ̀. Omi ò ṣáà wá.

Kànga tó ń gbẹ, òun ni wọ́n ń pè ní àìsàn Parkinson. Dókítà ará London kan, James Parkinson, ló kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1817. Èèyàn mẹ́fà péré ló ròyìn nínú ìwé náà, ó sì wà nínú wọn tó jẹ́ pé ojú títì ló ti kàn rí wọn tí wọ́n ń gbọ̀n lọ. Àìsàn yìí kò mọ olówó, kò mọ tálákà. Ẹ̀yin àgbà lẹ máa rántí Muhammad Ali, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, tó wá sí Nàìjíríà ní 1964, tó sì na George Foreman ní Kinshasa ní 1974. Ọmọ ọdún 42 ni nígbà tí àwọn dókítà sọ fún un ní 1984 pé Parkinson ló ń ṣe é. Gbogbo ayé ló rí i lórí tẹlifíṣàn ní Atlanta ní 1996, bí ọwọ́ tó ti fi gbá àwọn òmìrán lulẹ̀ ṣe ń gbọ̀n pẹ̀lú iná Olympic. Ó kú ní 2016. Àwọn kan á ní ẹ̀ṣẹ́ tó jẹ ló fà á. Ó dáa, Póòpù John Paul Kejì ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá sí Nàìjíríà, ní 1982 àti 1998. Àìsàn kan náà ló bá a fínra títí tó fi kú ní 2005. Póòpù ò jẹ ẹ̀ṣẹ́, kò níyàwó, kò sì lórogún.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí àkísà tó ń di ẹnu ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ ni tiwa wà. Oògùn ni àkísà yẹn.

Àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn gan-an ni kí wọ́n dí dópámìnì lọ́nà. Ti àkọ́kọ́ ni oògùn àìsàn ọpọlọ. Ìlú Paris ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi chlorpromazine tọ́jú wèrè ní 1952. Haloperidol tẹ̀ lé e láti ilẹ̀ Bẹljíọ̀mù ní 1958. Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ẹ má bínú sí àwọn oògùn yìí o. Kí wọ́n tó dé, ẹ̀wọ̀n àti àbà ni wọ́n ń fi dè é mọ́lẹ̀ lọ́pọ̀ ibi. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rìn níhòòhò ti tipasẹ̀ wọn padà sídìí iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pa ariwo orí, wọ́n lè mú ọwọ́ gbọ̀n, kí wọ́n sì mú ara le gbagidi.

Èkejì ló kan ẹ̀yin ọlọ́jà, torí pé ẹ kì í kà á sí oògùn ńlá. Oògùn èébì tí wọ́n ń pè ní metoclopramide wà níbẹ̀. Cinnarizine àti flunarizine, tí wọ́n ń lò fún òòyì ojú àti orí fífọ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ elélùbọ́ ṣe dáadáa, ó da orúkọ ara páálí kọ sínú lẹ́tà: metoclopramide ni. Oògùn yìí kì í ṣe oògùn burúkú. Bí wọ́n bá fún èèyàn ní ọjọ́ mélòó kan, èébì á dá, ọ̀rọ̀ bùṣe. Gbígbé tí a ń gbé e mì bí ẹni jẹ obì láràárọ̀ ni kò dáa. Ní 2009, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù lọ, èyí tí wọ́n ń fi ìlà yí ká, sínú ìwé oògùn náà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lò ó kọjá ọ̀sẹ̀ méjìlá láìnídìí pàtàkì. Nígbà tó di 2013, àwọn aláṣẹ oògùn nílẹ̀ Yúróòpù ní kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Ọjọ́ márùn-ún! Ìyá elélùbọ́ ti lò ó láti èṣí.

Kí ẹ má sì rò pé oògùn òyìnbó nìkan ló ń ṣe báyìí. Ẹ̀yin ẹlẹ́wẹ́ ọmọ, ẹ mọ asofẹ́yẹjẹ dáadáa. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn wa ti fi ń tọ́jú wèrè kí ọsibítù Arò l'Ábẹ́òkúta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo tó darí ibẹ̀ kò lé àwọn oníṣègùn yìí dànù, ńṣe ló pè wọ́n mọ́ra. Ní 1960, dókítà ọmọ Kánádà kan, Raymond Prince, kọ ọ́ sínú ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń lo gbòǹgbò náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni reserpine. Ara ìbátan rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà ni àwọn òyìnbó ti kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní 1952. Òun kì í di ẹnu ẹ̀rọ ní tiẹ̀. Ńṣe ló ń da omi inú táńkì nù.

Ìtàn tó dùn kan wà níbẹ̀. Ní 1957, ọ̀mọ̀wé ará Sweden kan, Arvid Carlsson, fún àwọn ehoro ní reserpine. Àwọn ehoro dùbúlẹ̀, etí wọn wó, wọn ò lè mira. Ó wá gún wọn lábẹ́rẹ́ ohun tí ara fi ń ṣe dópámìnì, tí wọ́n ń pè ní lefodópà. Kò pẹ́, àwọn ehoro dìde, wọ́n tún ń fò kiri. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú Parkinson ti jáde. Ní 1961, ní ìlú Vienna, wọ́n fún àwọn aláìsàn ní lefodópà, àwọn tí kò lè dìde lórí ibùsùn sì dìde. Carlsson gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ yìí ní ọdún 2000.

Nítorí náà, bí wèrè bá dákẹ́ rọ́rọ́ nílé oníṣègùn, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé ẹsẹ̀, a máa ń ní "ara rẹ̀ ti ń balẹ̀." Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹnì kan béèrè bóyá ara ló balẹ̀ àbí táńkì ló gbẹ. Agbo kì í ní ìwọ̀n lára bíi hóró oògùn, ta ló mọ iye tó mu?

Ẹ gbọ́ èyí tó burú jù. Bí a bá yọ àkísà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ, omi sábà máa ń padà. Kì í ṣe lọ́jọ́ kejì o. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè gba oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n irú kan wà tó máa ń pẹ́ kó tó jáde, bí ó bá sì jáde tán, ó lè kọ̀ kó má lọ mọ́. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó, ẹnu rẹ̀ ò dúró, ó ń jẹnu bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ, ó ń pọ́n ètè lá, ahọ́n rẹ̀ ń yọ jáde ó ń padà wọlé. Kò sí oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọmọdé á sá fún un, àwọn àgbà tó yẹ kó gbọ́n á ní ẹran èèyàn ló ń jẹ. Ẹran èèyàn kọ́, ẹ jọ̀ọ́. Oògùn tó ti ń lò fún oṣù gbọọrọ tàbí ọdún ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin tó ti dàgbà ló sì tètè máa ń mú. Láti 2017 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí oògùn méjì tó ń dín in kù, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni wọ́n ń tà á. Ohun tó sàn jù ni kí á tètè rí i.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, "Akọ̀wé, o ti yanjú ẹ̀, kí màmá ṣáà má lo oògùn mọ́." Ó kù díẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó nìyí.

Kànga kì í gbẹ lọ́jọ́ kan. Ẹni tí Parkinson bá ń bọ̀ wá bá, omi rẹ̀ á ti máa fà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó ju ìdajì omi yẹn lọ tó máa ń lọ kí ọwọ́ tó gbọ̀n rárá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣì ń tajà, ó ṣì ń wọn èlùbọ́, kò sí ohun tó ń ṣe é lójú ayé. Lọ́jọ́ tí oògùn èébì kékeré bá wá di ẹnu ẹ̀rọ díẹ̀, omi á dá pátá, nígbà tó jẹ́ pé lára ẹlòmíràn tí kànga rẹ̀ kún, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí a bá dá oògùn dúró, ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má yá tán, tàbí kó yá, kí gbígbọ̀n náà tún padà lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì. Oògùn kọ́ ló dá àìsàn yẹn sílẹ̀. Ó kàn ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ni.

Báwo la ṣe máa mọ èyí tó jẹ́? Èyí tó wá láti inú oògùn sábà máa ń mú ọwọ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù tí a bẹ̀rẹ̀ oògùn. Parkinson fúnra rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún nìkan tàbí òsì nìkan, kó tó ràn dé ìkejì. Ẹ tún béèrè ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ṣé imú màmá ò gbóòórùn ọbẹ̀ mọ́ láti ìgbà pípẹ́? Ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ máa ń gbẹ? Ṣé ó máa ń ja ìjà ojú àlá, tó ń ta ẹsẹ̀, tó ń pariwo lórí oorun? Àwọn nǹkan yìí lè ti wà fún ọdún púpọ̀ kí ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ṣùgbọ́n dókítà ọpọlọ àti iṣan ni kí ẹ jẹ́ kó dá ẹjọ́ náà, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ìpàdé ẹbí.

Nítorí náà, màmá elélùbọ́, ohun tí mo máa bẹ̀ yín nìyí. Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nínú yàrá màmá sínú ọ̀rá kan, ti òyìnbó, ti ìbílẹ̀, tòun ti ìgò agbo, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba tó lágbára. Ẹ sọ ọjọ́ tí oògùn bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀. Ti èébì yẹn, ẹ má rà á mọ́ kí ẹ tó débẹ̀. Kí dókítà sì wo ìdí tí inú fi ń kún, torí òun gan-an ni ẹjọ́ tí kò tíì sí ẹni tó dá. Bí wọ́n bá dá oògùn dúró, ẹ ní sùúrù oṣù mélòó kan. Orogún màmá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó jókòó sílé rẹ̀. Ẹni tó ti bá a gbé fún ogójì ọdún ni yóò máa dì í lọ́wọ́ mú lọ sí balùwẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin bá wà lọ́jà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn ọpọlọ nílé, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀. Ẹ má torí ohun tí ẹ kà lónìí da oògùn rẹ̀ sígbẹ̀ẹ́. Wèrè lè padà lójijì. Dókítà ló mọ bí wọ́n ṣe ń dín in kù tàbí pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì lọ fúnra yín ra oògùn tí wọ́n ń pè ní Artane nítorí gbígbọ̀n, ó lè da orí àgbàlagbà rú, kó sì dí ìtọ̀ mọ́ ọn nínú. Nǹkan kan tún wà. Bí bàbá tó ń gbọ̀n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọmọ kéékèèké tí kò sí níbẹ̀, tó ń bá àlejò tí ẹ ò rí sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré fún un ní haloperidol láti pa á lẹ́nu mọ́. Irú gbígbẹ ọpọlọ kan wà tó ń ṣe báyẹn, haloperidol díẹ̀ sì lè sọ onítọ̀hún di igi, kó má lè gbé oúnjẹ mì, kó sì gba ibẹ̀ kú.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa béèrè yèrèpè. Òótọ́ ni, kóró yèrèpè tó ń yún èèyàn yìí ní lefodópà nínú, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará Íńdíà ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ. Iye tó wà nínú kóró kan kò bá ti èkejì mu, ó ń mú èèyàn bì, ó lè mú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ kí òòyì gbé e ṣubú, ó sì lè mú orí aláìsàn ọpọlọ tún gbóná. Ìyẹn nìkan kọ́: bó bá jẹ́ àkísà ló di ẹnu ẹ̀rọ, bíbu omi kún kànga kò ràn án lọ́wọ́ púpọ̀.

Lẹ́tà kejì rèé kí ààyè tó tán. Ọmọṣẹ́ panẹ́bítà kan ló kọ ọ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ń bì, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ kan ní ilé ìtọ́jú kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọrùn rẹ̀ lọ́ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ yí sókè, ahọ́n rẹ̀ yọ síta kò sì wọlé mọ́. Orí rẹ̀ pé, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà, wọ́n fi bẹ́líìtì nà án kí ẹ̀mí náà lè jáde. Lọ́jọ́ kejì ara rẹ̀ balẹ̀, wọ́n sì ní ẹgba ló ṣe é.

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Oògùn èébì kan náà àti ti àìsàn ọpọlọ máa ń ṣe báyẹn, láàárín wákàtí sí ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọ̀dọ́ bíi tìẹ ló sì pọ̀ jù lára wọn. Bí oògùn bá ti ń kúrò lára ni ọrùn ń padà. Abẹ́rẹ́ kan wà lọ́sibítù tó máa ń tú u láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí ẹgba. O béèrè bóyá ó tún lè ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n bá tún fún ọ ní irú rẹ̀. Padà lọ sí ibi tí wọ́n ti gún ọ, kí wọ́n kọ orúkọ abẹ́rẹ́ náà sínú ìwé fún ọ, kí o tọ́jú rẹ̀, kí o sì máa fi han nọ́ọ̀sì kí o tó nawọ́ sí abẹ́rẹ́ kankan. Ti ọ̀gá rẹ tó ní òun ò fẹ́ "ọmọṣẹ́ ẹlẹ́mìí" ní ṣọ́ọ̀bù mọ́, mú ìwé ìròyìn yìí lọ fún un, kó kà á. Bí kò bá mọ̀wé kà, ìwọ ni kí o kà á fún un.